Bí Òmùgọ̀ Ṣe Lè Fi Kábìn Dín Owó Epo Kù

Ọ̀gá mi, ẹ kú oríire. Ẹ ti mú olè tó ń jẹ epo yín.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ni ẹ ti ń wá ẹni tí ẹ máa dá lẹ́bi. Lítà tí ẹ ń rà ní owó tí kò tó ₦200 fò sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó di oṣù Keje, ó ti di ₦617. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún yín, ẹ ní kì í ṣe òun. Ẹ wo táyà, ẹ ní ó ṣì ń yí. Ẹ wá bojú wẹ̀yìn, ẹ rí ìjókòó ẹ̀yìn Hilux dọ́bù-kábìn yín tó ṣófo, ẹ figbe ta: òun rèé!

Ẹ̀yin ni mo kọ ìlànà yìí fún. Kí ẹni tó gbọ́n jọ̀wọ́ má kà á. Ó lè pa á lẹ́rìn-ín, kò sì yẹ ká máa fi àgbàlagbà rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ ta dọ́bù-kábìn, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra síńgù-kábìn. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè bí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ṣe tó, torí ẹnì kan lè lọ gbé téèpù ìwọ̀n jáde. Bó bá wọn Hilux tó wọ́pọ̀ lójú títì wa, irú èyí tó jáde ní 2005 àti èyí tó tẹ̀ lé e ní 2015, láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, mílímítà 3,085 ló máa bá, ìbáà jẹ́ síńgù, ìbáà jẹ́ dọ́bù. Egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kan náà ni. Toyota kò na ọkọ̀ gùn nítorí àwọn tó fẹ́ jókòó sẹ́yìn. Àyè ẹrù ni wọ́n gé fún wọn. Àyè ẹrù síńgù gùn ju mítà méjì lọ, ti dọ́bù kò ju bíi mítà kan àbọ̀. Ohun tí kábìn gbà lọ́wọ́ iwájú, ẹ̀yìn ti fi sílẹ̀ fún un. Iwájú àwọn méjèèjì fẹ̀ bákan náà. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ wá pàdé yín lọ́nà Ògèrè, iwájú ọkọ̀ yẹn ló ń kọlù. Kò bá ẹnikẹ́ni ka iye èèyàn tó jókòó sẹ́yìn.

Ìwúwo ló wá kù. Ilẹ̀kùn méjì, gíláàsì, ìjókòó, òrùlé: gbogbo wọn ló wúwo lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ẹrù tí wọ́n gé náà ní irin tirẹ̀ tó bá a lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń sọ fún àwọn onímọ́tò wọn pé tí èèyàn bá kó ẹrù 100 pọ́ún sínú ọkọ̀, ìjẹpo rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún burú sí i. 100 pọ́ún jẹ́ kílò 45. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ìṣirò náà ti délé nìyẹn: àpò kan, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ká tiẹ̀ bá dọ́bù-kábìn ṣọ̀tá, ká ní ó fi odidi àpò mẹ́ta wúwo ju síńgù lọ, tí ẹ́ńjìnì àti jíà wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Tí Hilux yín bá ń jẹ lítà 12 ní kìlómítà 100, ohun tí kábìn mú níbẹ̀ kò tó ìdajì lítà. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 127.6. Ẹ rìn ín tán pátá, kábìn kò tíì mu ìdajì lítà. Ká kúkú pè é ní ₦500, kó lè wu yín.

Nítorí ₦500 yìí, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́jà. Alágbàtà tó bá yín tà á á gba tirẹ̀. Alágbàtà tó bá yín ra òmíràn á gba tirẹ̀. Ẹ máa yí ìwé padà, ẹ máa gba nọ́ńbà, mẹkáníìkì á yẹ ẹ́ wò, á sì rí nǹkan mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ká ní gbogbo rẹ̀ kò ju ₦500,000 lọ. Ẹ kàn máa wa ọkọ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn nígbà ẹgbẹ̀rún kan péré, kábìn kékeré á ti dá owó yín padà. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí jèrè.

Tí ẹ bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ilé, èrè yín pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Birikílà mẹ́rin ló ń dúró dè yín ní Berger láràárọ̀ kí ẹ gbé wọn lọ sí sáìtì ní Mowé. Dọ́bù-kábìn ń kó wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣọ́bìrì àti kànkéré wà lẹ́yìn. Síńgù-kábìn gba ẹ̀yin àti ẹni méjì, ẹnì kan nínú wọn ló sì máa há jíà sí orúnkún. Ẹ ó gbé méjì lọ, ẹ ó padà wá gbé méjì. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ fẹ́ jèrè ti di ìlọ́po epo àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọgbọ́n míì wà o: ẹ lè kó méjì tó kù sẹ́yìn sórí àpò sìmẹ́ńtì, kí wọ́n di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á dá yín dúró, ẹ́ńjìnì á sì sinmi díẹ̀. Ìyẹn náà dín epo kù.

Ká ní ẹ kò rí ẹni ra dọ́bù-kábìn yín. Ẹ má bínú, a lè sọ ọ́ di fúyẹ́. Ẹ pe káfíńtà kó wá tú ìjókòó ẹ̀yìn, kí ọ̀gá wẹ́dà yọ irin tó dì í mú. Ford ti ṣe irú nǹkan yìí rí. Fún F-150 ti ọdún 2015, wọ́n fi aluminiọ́mù ṣe bọ́dì ọkọ̀ dípò irin, wọ́n sì ní àwọn yọ tó 700 pọ́ún kúrò lára rẹ̀, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà lọ. Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ló ṣe tiwọn, wọ́n sì tún ilé iṣẹ́ wọn tò nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kàn ti yọ fóòmù, síbẹ̀ inú yín dùn. Ẹ má wo àyè ẹrù o. Bátìrì jẹ́nẹ́rétọ̀ tó ti kú láti ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀, ìdajì àpò iyanrìn tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ Ṣàgámù wà níbẹ̀, ṣéènì tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò mu wà níbẹ̀. Àwọn yẹn ti wúwo ju ìjókòó tí ẹ tú lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù ni wọ́n, ọkọ̀ akẹ́rù sì ni tiyín. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ó wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àyè ẹrù. Ẹ tú u sílẹ̀ gbalaja, tàbí kí ẹ yọ ọ́ sọnù pátápátá. Àwọn tó ń ṣe é ní àlàyé tó dùn létí: wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó gba orí kábìn máa ń já wọ ẹ̀yìn, á gbá ilẹ̀kùn, á sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, bí ilẹ̀kùn kò bá sí, á bá tirẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ba adùn yìí jẹ́, kó da ẹ̀kúnwọ́ ewé gbígbẹ sẹ́yìn ọkọ̀, kó pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹlòmíì wakọ̀, kí òun máa gba gíláàsì ẹ̀yìn wò ó. Ewé náà kò ní forí lé ilẹ̀kùn lọ tààrà. Á dìde, á yí po, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á sá wá síwájú, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kábìn lábẹ́ gíláàsì tí ẹ fi ń wò ó. Afẹ́fẹ́ tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn kábìn ló há sáàárín kábìn àti ilẹ̀kùn tó wà ní títì, tó ń yí lójú kan. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò ráyè já sí kòtò yẹn mọ́, orí èyí tó ń yí ló ń gbà kọjá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ìyípo náà á tú ká, kòtò á ṣófo, afẹ́fẹ́ tuntun á sì máa já sínú rẹ̀. Àwọn MythBusters orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà dán an wò pẹ̀lú ọkọ̀ méjì tó jọra, tí epo inú wọn dọ́gba: èyí tó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni epo rẹ̀ kọ́kọ́ tán. Kí ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dí yín lọ́wọ́. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, ó kéré tán, iyanrìn Ṣàgámù á máa dínkù fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì máa bá yín fi gíláàsì wọn gbà á.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa bi mí pé, kí ló dé tó fi dá ọ̀pọ̀ èèyàn lójú pé kábìn ńlá ń jẹpo, tí kì í bá ṣòótọ́? Ẹ̀rí wọn kò kéré. Wọ́n wa Hilux síńgù ti ilé iṣẹ́ kan, kò jẹpo. Ẹ̀gbọ́n wọn gba Toyota Tundra tókunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé, kábìn rẹ̀ tó yàrá, epo rẹ̀ kò dúró rárá. Kábìn ni wọ́n fojú rí, wọn ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. V8 lítà 5.7 ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Tundra yẹn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ni ẹ́ńjìnì lè fà. Ìwé ìjẹpo tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́ oníbàárà sọ́nà pín ọkọ̀ yìí nípa ẹ́ńjìnì, ó sì pín in bóyá táyà méjì ló ń fà tàbí mẹ́rin. Kò pín in nípa kábìn. Máìlì 13 ni wọ́n kọ fún un lórí gálọ́ọ̀nù kan nínú ìlú, ìyẹn lítà 18 ní kìlómítà 100. Ẹ gé kábìn rẹ̀ sí méjì, ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, V8 náà á ṣì béèrè oúnjẹ rẹ̀.

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kábìn ní Amẹ́ríkà ní ìdí tó jinlẹ̀ díẹ̀, mo sì fẹ́ kí òmùgọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ní 1957 ni ilé iṣẹ́ International Harvester ti ṣe ọkọ̀ akẹ́rù Travelette tó gba èèyàn mẹ́fà. Àwọn ikọ̀ òṣìṣẹ́ ló wúlò fún nígbà náà. Lónìí, ẹbí ló ń wọ irú kábìn bẹ́ẹ̀ lọ sí ọjà. Toyota Tacoma síńgù-kábìn parí ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọkọ̀ ti 2014, ti Tundra lẹ́yìn ti 2017. Ohun tí ọjà fẹ́ ni, ṣùgbọ́n òfin náà kò dí i lọ́nà. Láti 2011 ni gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké níbẹ̀ ti wà lábẹ́ òfin tó ń wọn àyè tó wà láàárín táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gígùn lọ́nà ìbú, kó tó sọ bí ọkọ̀ náà ṣe gbọ́dọ̀ ṣọ́ epo lò. Bí àyè náà bá ṣe tóbi tó ni ohun tí òfin ń béèrè ṣe ń rọ̀ tó. Tiwọn kò dà bíi Hilux tó ń fi ẹ̀yìn ṣe iwájú lórí egungun kan náà; níbẹ̀, wọ́n sábà máa ń na egungun gùn fún kábìn ńlá, òfin á sì rẹ́rìn-ín sí i. Tí ẹ bá fẹ́ bá kábìn jà nítorí epo, àwọn tó kọ òfin yẹn ni kí ẹ lọ bá. Òmùgọ̀ wa kò ní lọ bá wọn. Ó jìnnà, fóòmù ìjókòó ẹ̀yìn ló sì ti tú.

Tókunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá tún ní ẹ̀bùn míì tó fi pamọ́ sí iwájú sítíárìn. Ẹ wo aago ìsáré rẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà ńlá tó wà níbẹ̀, máìlì ni. Kìlómítà ni èyí tó kéré bí èèrà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wà lórí 80, ẹ rọra wo àwọn dánfó tó ń sáré, kí ẹ máa dá wọn lẹ́bi pé wọn ò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ẹ sì máa yà wọ́n sílẹ̀. Máìlì 80 jẹ́ kìlómítà 129. Ìlọ́po ìsáré lọ́nà ìsáré ni afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn: láti 100 sí 129, ìtì náà ti fi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lé sí i. Kábìn tí ẹ tà nítorí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kò lè bá yín dé ibẹ̀ láéláé. Nítorí náà, ẹ tẹ iná mọ́lẹ̀. Ẹ sáré dé ẹ̀yìn tírélà, ẹ tẹ bíréèkì gán-ún, ẹ tún tẹ iná. Gbogbo epo tí ẹ fi sáré yẹn ni bíréèkì sọ di ooru lára irin. Ìjọba Amẹ́ríkà ní irú ìwakọ̀ yìí lè dín máìlì tí gálọ́ọ̀nù kan máa gbé ọkọ̀ kù, ó lè tó ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ní títì márosẹ̀, kó sì tó 10 sí 40 níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró tó ń lọ. Ẹ ti tú ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ti táyà kò gba àlàyé. Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ẹ gbé irin sórí òrùlé, ẹ di àpótí lé e. Tó bá jẹ́ àpótí ńlá tí iwájú rẹ̀ dúró gbọnrangandan ni, ìdá 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló lè gbà níbi eré gíga. Kò sì sí ìdí kan tí ẹ fi máa sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá tí ẹ fi kó ẹrù lọ sílé. Ẹ fa lẹ́fà táyà mẹ́rin sí ibi ẹrẹ̀, kí ẹ fi í síbẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbẹ, kí jíà máa ké. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé táyà fàkìàfakia sí i, èyí tó ju ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ á ga, afẹ́fẹ́ á ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, aago tó ń ka ìrìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí parọ́ fún yín, torí táyà ńlá ń gba ọ̀nà tó jìnnà ju èyí tí aago mọ̀ lọ ní ìyípo kan. Nígbà tí ẹ bá wá ṣe ìṣirò epo pẹ̀lú aago yẹn, ó máa burú kọjá bó ṣe burú. Ẹ tún ti rí ẹ̀rí mú kábìn.

Àmọ́ Kárà ni ọgbọ́n yín máa pé. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mọ́tò dúró láti orí afárá títí tí ojú kò fi tó o mọ́, ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lì ti kọjá lára yín lẹ́ẹ̀mẹta, éésì yín wà ní nọ́ńbà mẹ́rin. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè jẹ ìdámẹ́rin gálọ́ọ̀nù sí ìdajì gálọ́ọ̀nù ní wákàtí kan, bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó àti bí éésì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Lítà kan sí méjì nìyẹn. Ní wákàtí méjì ní Kárà, ẹ ti jó epo tí ìjókòó ẹ̀yìn kò ní jẹ tán ní ìrìnàjò Ìbàdàn mẹ́rin, láìtíì kúrò lójú kan. Ẹ máa wo gíláàsì ẹ̀yìn ní gbogbo àsìkò náà, kí ẹ máa mi orí sí kábìn.

Ó kù ká ṣe ìṣirò, kó lè hàn pé iṣẹ́ yín ti yọrí. Àwọn tí kò lọ́gbọ́n bíi tiyín máa ń bu epo kún táńkì dé ẹnu, wọ́n á kọ nọ́ńbà aago ìrìn sílẹ̀, wọ́n á wakọ̀, wọ́n á tún bu u kún dé ẹnu, wọ́n á fi lítà tó wọlé pín kìlómítà tí wọ́n rìn. Wàhálà gbáà ni. Ẹ̀yin ẹ máa ra ti ₦5,000 níhìn-ín, ti ₦7,000 lọ́hùn-ún, ní ilé epo tí mítà rẹ̀ yàtọ̀ síra, kí ẹ máa wo abẹ́rẹ́ géèjì bó ṣe ń fì nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Tó bá lọ sókè, kábìn kékeré ló ṣe é. Tó bá wá sílẹ̀, ọmọ ilé epo ló rẹ́ yín jẹ.

Ẹ gbéra báyìí, ó ti ń lọ sí aago mẹ́jọ. Birikílà méjì tó kù ṣì wà ní Berger; ẹ fi owó dánfó ránṣẹ́ sí wọn. Ti ṣọ́bìrì wà lọ́tọ̀.